Níbo ni agbára ìyá yìí dé? Ọ̀rọ̀ lórí àyẹ̀wò ọkàn àwọn obìnrin Kika

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ní Kika, nínú kọ́múnù Tchaourou, àwọn obìnrin ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ń ru omi, wọ́n ń ṣẹ́ igi, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń gún iyán, wọ́n ń rìn lọ sí oko iṣu àti oko òwú pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Ní àkókò òrí, wọn a ti máa ṣa kóró rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá bẹ̀rẹ̀ sí sọ korobá omi kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ojú ọ̀nà tí ó ti ń rìn láìsinmi láti ọjọ́ pípẹ́, kí ni à ń sọ? A ní àgbà ti dé sí i. A ní ọmọ tí ó bí ti pọ̀ jù. A ní ọgbẹ́ inú ni, kí ó dín ata kù. Ẹlòmíràn a tilẹ̀ ní ayé ló ń bá a jà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó wí pé: ẹ jẹ́ kí a wo ọkàn rẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ní ilé ìwòsàn Kika àti ní gbogbo ilé ìwòsàn abúlé tí ó dà bí rẹ̀, kí a máa bi obìnrin tí ó ti lé ní ogójì ọdún léèrè ibi tí agbára rẹ̀ dé lọ́dún yìí, kí a sì fi wé ti èṣí. Ìbéèrè náà rọrùn, kò sì gba owó. Síbẹ̀, láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ìwádìí àwọn oníṣègùn ti ń fi hàn pé nínú gbogbo ohun tí àyẹ̀wò ọkàn lórí ẹ̀rọ lè sọ nípa obìnrin, ibi tí agbára rẹ̀ dé ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ gbà gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí àrùn náà fúnra rẹ̀. Ọkàn ni ó ń fún ẹ̀jẹ̀ lọ sí gbogbo ara, ṣùgbọ́n òun pàápàá ní láti jẹun. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n yí i ká bí ìtàkùn ṣe ń yí igi ká ni wọ́n ń bọ́ ọ. Nígbà tí ọ̀rá àti ìdọ̀tí líle bá ń lẹ̀ mọ́ inú àwọn iṣan wọ̀nyí ní díẹ̀díẹ̀, àyè tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá yóò máa kéré sí i. Àrùn yìí kì í pariwo. Ẹni tí ó jókòó, tí ó ń ṣa ẹ̀wà, lè máà mọ nǹkan kan lára, nítorí ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tí ń kọjá tó fún ọkàn tí iṣẹ́ kò tíì wọ̀ lọ́rùn. Ẹ wo ọ̀nà tóóró tí ó wọ ọjà. Ní ọjọ́ lásán, ènìyàn méjì a pàdé níbẹ̀, wọn a sì yà fún ara wọn. Ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí alùpùpù, àgùntàn àwọn Fúlàní àti ẹrù iṣu bá pàdé lójú kan náà, ìgbà náà ni gbogbo ayé yóò mọ̀ pé ọ̀nà náà há. Iṣẹ́ agbára ni ọjọ́ ọjà ọkàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi ń mú aláìsàn ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n rí.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Ní 1929, ní Amẹ́ríkà, Arthur Master àti Enid Oppenheimer gbé àyẹ̀wò kan jáde tí kò béèrè ju àtẹ̀gùn onípele méjì lọ. Aláìsàn a máa gòkè, a sì máa sọ̀kalẹ̀, wọn a máa ka iye ìgbà tí ó lè ṣe é, wọn a sì wo bí ìlù ọkàn rẹ̀ àti agbára ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe padà sípò. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin yàtọ̀ sí ti obìnrin, ó sì ń tẹ̀lé ọjọ́ orí àti ìwúwo olúkúlùkù. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí àwọn méjì wọ̀nyí kà sí ní 1929, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ṣe bí ẹni pé àwọn kò gbọ́ ọ.

Ẹni tí ìlànà rẹ̀ gbajúmọ̀ jù lọ títí di òní ni Robert Bruce ti Seattle, ẹni tí ó gbé e jáde ní 1963. Aláìsàn a dúró lórí ẹ̀rọ ìrìn, ìyẹn bẹ́líìtì fífẹ̀ kan tí ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé yóò máa rìn láìkúrò lójú kan. Wọn a lẹ wáyà mọ́ àyà rẹ̀, ẹ̀rọ ECG a sì máa ya ìlà iṣẹ́ ọkàn rẹ̀ bí ó ti ń rìn. Ìrìn náà a bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, bíi kìlómítà 2.7 ní wákàtí kan, lórí òkè díẹ̀. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, wọn a fi kún eré rẹ̀, wọn a sì gbé òkè náà sókè sí i. Bí apá kan nínú ìlà ECG, èyí tí wọ́n ń pè ní ST, bá wálẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, tàbí bí àyà bá ń dun aláìsàn, oníṣègùn a fura pé iṣan tí ń bọ́ ọkàn ti há. Dókítà a máa wà nítòsí, pẹ̀lú irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ta ọkàn jí bí ó bá dá iṣẹ́ sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá eré lọ sí orí òkè láti dán ara rẹ̀ wò nítorí ohun tí a kọ síhìn-ín.

Ọ̀rọ̀ náà yí nígbà tí wọ́n gbé obìnrin sórí ẹ̀rọ yìí. Ara ọkùnrin ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń ka ìlà náà, wọ́n sì gbé e lé obìnrin lórí láìyí nǹkan padà. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan kí ó lè yé gbogbo wa. Ká ní 100 obìnrin ló wá fún àyẹ̀wò, tí 10 nínú wọn sì ní àrùn yìí lóòótọ́. Àkójọpọ̀ ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 fi hàn pé nínú obìnrin 100 tí ó ní àrùn, ìlà ECG lórí ẹ̀rọ ìrìn máa ń rí bíi 61. Nínú 100 tí kò ní i, ó máa ń dá bíi 70 láre, ó sì máa ń fi ẹ̀sùn kan 30 yòókù lásán. Nínú 10 tiwa yìí, yóò rí 6. Nínú 90 tí ara wọn le, yóò fi ẹ̀sùn kan 27. Ìyẹn ni pé obìnrin 33 ni wọn yóò sọ fún pé ọkàn wọn kò dára, 6 péré ni ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ òótọ́ fún. Àwọn 27 yòókù yóò padà sílé pẹ̀lú ìpayà, tàbí kí wọ́n ta ewúrẹ́ láti san owó àyẹ̀wò mìíràn tí ó tún wọ́n jù ú lọ. Láti apá kejì ẹ̀wẹ̀, 67 ni wọn yóò sọ fún pé kò sí nǹkan, bẹ́ẹ̀ sì ni ó rí fún 63 nínú wọn. 4 ni yóò gbé àrùn náà padà lọ sílé láìmọ̀.

Ìdí rẹ̀ kò farasin. Àrùn yìí kì í tètè dé bá obìnrin bí ó ti ń dé bá ọkùnrin. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní INTERHEART, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2004 láti orílẹ̀-èdè 52, Áfíríkà pẹ̀lú, fi hàn pé bí ọdún mẹ́sàn-án ni obìnrin fi ń pẹ́ ju ọkùnrin lọ kí ìkọlù ọkàn àkọ́kọ́ tó dé bá a. Níbi tí àrùn bá sì ti ṣọ̀wọ́n, ẹ̀sùn èké a pọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, omi ara tí ó ń mú obìnrin ṣe nǹkan oṣù lè fa ìlà ST wálẹ̀ fúnra rẹ̀, láìsí àrùn kankan. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ kí ọkàn tó ṣiṣẹ́ dé ibi tí àrùn lè ti fara hàn. Lọ́dọ̀ tiwa níhìn-ín, ẹ fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún un, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní tànsíọ̀n. Ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú kí ẹran rẹ̀ nípọn, ìlà rẹ̀ ti yí padà kí onítọ̀hún tó gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ rárá. Ẹni tí ó bá kà á bí ẹni ka ti ọkàn tí kò ní nǹkan ń ṣi ara rẹ̀ lọ́nà ni.

Ní 1991, Bernadine Healy, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó darí ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, kọ̀wé kan tí ó fi orúkọ Yentl pe ọ̀ràn yìí. Yentl ni ọmọbìnrin inú ìtàn Isaac Bashevis Singer tí ó wọ aṣọ ọkùnrin kí wọ́n lè gbà á sí ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí Healy ń wí ni pé obìnrin ní láti ṣàìsàn bí ọkùnrin kí wọ́n tó wò ó bí wọ́n ti ń wo ọkùnrin. Èyí tí àìsàn rẹ̀ kò bá ti dà bí ti ọkùnrin, wọn a ní kí ó lọ sinmi.

Àwọn olùwádìí wá yí ojú padà kúrò lára ìlà náà, wọ́n ń béèrè nǹkan mìíràn: báwo ni obìnrin yìí ṣe pẹ́ tó lórí ẹ̀rọ, báwo ni ó sì ṣe ṣiṣẹ́ tó kí ó tó ní ó tó gẹ́ẹ́? Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò fún èyí ni wọ́n ń pè ní MET. MET kan ni agbára tí ara ń ná nígbà tí a bá jókòó jẹ́ẹ́. MET márùn-ún jẹ́ ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà márùn-ún. Ní agbègbè Chicago, ní 1992, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ St. James Women Take Heart, níbi tí obìnrin 5,721 tí kò ní àmì àrùn ọkàn kankan ti gun ẹ̀rọ ìrìn. Dókítà Martha Gulati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì jáde ní 2003: fún gbogbo MET kan tí agbára obìnrin bá fi lé, ewu ikú rẹ̀ a máa fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Ní 2005, wọ́n ṣe òṣùwọ̀n kan tí ó jẹ́ ti obìnrin gan-an. Ẹ mú iye ọjọ́ orí, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.13, kí ẹ sì yọ èyí kúrò nínú 14.7. Fún ìyá ẹni 50 ọdún, ohun tí ó kù jẹ́ 8.2. Iye MET tí a retí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin tí kò bá lè dé ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ìyẹn bíi MET 7 fún ìyá tí a ń wí yìí, ewu ikú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ẹni tí ó lè dé e.

Iṣẹ́ mìíràn tún jáde ní Amẹ́ríkà ní 2003 kan náà, lórí obìnrin 2,994 tí wọ́n ti tọ ipasẹ̀ wọn fún ogún ọdún. Ìlà ST tí gbogbo ayé gbójú lé kò sọ ẹni tí àrùn ọkàn yóò pa. Ibi tí agbára obìnrin dé, àti bí ìlù ọkàn rẹ̀ ṣe yára rọlẹ̀ lẹ́yìn tí ó dúró, ni ó sọ ọ́. Bí ẹ bá bi wá, a ó ní ó yẹ kí wọ́n lẹ èsì yìí mọ́ ògiri gbogbo yàrá tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ọkàn.

Ìlù ọkàn pẹ̀lú ní tirẹ̀. Òṣùwọ̀n àtijọ́ wí pé kí a yọ ọjọ́ orí kúrò nínú 220 láti mọ ibi tí ìlù ọkàn yẹ kí ó dé. Ní 2010, ẹgbẹ́ Gulati fi hàn pé fún obìnrin, 206 ni ó yẹ kí a mú, kí a sì yọ 0.88 lọ́nà iye ọjọ́ orí kúrò nínú rẹ̀. Fún ẹni 50 ọdún, àtijọ́ ní 170, tuntun ní 162. Ó dà bí nǹkan kékeré, ṣùgbọ́n nítorí ìyàtọ̀ mẹ́jọ yìí ni wọ́n fi ń sọ fún àwọn obìnrin kan pé ọkàn wọn lọ́ra, nígbà tí ó jẹ́ pé òṣùwọ̀n ni kò bá wọn mu.

Èyí tí ó kan ìlú tí owó kò pọ̀ sí jù lọ jáde ní 2011. Obìnrin 824 tí wọ́n ní àmì tí ó jọ ti àrùn ọkàn ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: apá kan ṣe àyẹ̀wò lórí ẹ̀rọ ìrìn pẹ̀lú ECG nìkan, apá kejì ṣe èyí tí wọ́n fi oògùn onítànṣán kún, tí wọ́n sì ya àwòrán ọkàn. Lẹ́yìn ọdún méjì, nǹkan bí 98 nínú 100 ni nǹkan burúkú kò ṣẹlẹ̀ sí, ní apá méjèèjì bákan náà. Ṣùgbọ́n owó apá kìíní jẹ́ dọ́là 338, ti èkejì jẹ́ 643. Ẹ̀rọ tí ó wọ́n kò dáàbò bo obìnrin ju èyí tí kò wọ́n lọ, bí ó bá ṣáà ti lè rìn. Nítorí náà, bí àwọn aláṣẹ wa bá fẹ́ ra irinṣẹ́, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí oníṣòwò kankan sọ fún wọn pé èyí tí ń dán ni ó ń wo àìsàn sàn.

Ẹ̀rọ ìrìn, síbẹ̀, kò sí nínú ilé ìwòsàn abúlé, kò sì ní sí níbẹ̀ lọ́la. Ibí ni ìwádìí mìíràn ti wúlò fún Kika ju gbogbo èyí tí a ti kà lọ. Láti 1996 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n pè ní WISE, lórí àwọn obìnrin tí àyà ń dùn. Ó fi hàn pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni iṣan ńláńlá ọkàn wọn ṣí sílẹ̀, tí wọ́n sì ti sọ fún pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí àwọn iṣan wínníwínní kò ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ewu wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àlá. Ní 2004, àwọn olùwádìí WISE yẹ obìnrin 936 wò. Wọn kò gbé wọn sórí ẹ̀rọ láti mọ agbára wọn. Ìbéèrè ni wọ́n bi wọ́n: kí ni ẹ lè ṣe, kí ni ẹ kò lè ṣe mọ́? Àwọn tí ìdáhùn wọn fi hàn pé agbára wọn kò pọ̀ ni àrùn iṣan ọkàn wà lára wọn jù, àwọn ni ìkọlù ọkàn sì dé bá jù ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé e. Sísanra tàbí gbígbẹ kò sọ tó bí ìdáhùn náà ti sọ. Ìbéèrè lásán ni o.

Ìwé ìbéèrè tí wọ́n lò ni wọ́n ti ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Duke ní 1989. Ìbéèrè 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Ó béèrè bóyá ènìyàn lè wọ aṣọ fúnra rẹ̀, bóyá ó lè gun àtẹ̀gùn, bóyá ó lè sáré díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bóyá ó lè gbá gọ́ọ̀fù, tẹ́níìsì, tàbí kí ó fi pákó yọ̀ lórí yìnyín! Ìyá wo ní Kika ni yóò dáhùn èyí? Bí a bá túmọ̀ ìwé náà sí Faransé, tí nọ́ọ̀sì sì kà á fún un bí ó ti wà, ẹ̀rín ni yóò fi dáhùn, yóò sì ní òótọ́.

Ṣùgbọ́n ilé ayé tirẹ̀ kún fún òṣùwọ̀n. Màmá, ṣé ẹ ṣì ń ru omi láti ibi pọ́ǹpù délé láìsọ ọ́ kalẹ̀? Ìgbà mélòó ni ẹ ń sinmi báyìí? Ṣé ẹ ṣì ń gún iyán tán fúnra yín, tàbí ẹ ń gbé ọmọ odó fún ọmọ yín ní àárín iṣẹ́? Láti ìgbà wo? Ní àkókò òrí tó kọjá, ṣé ẹ bá àwọn ẹgbẹ́ yín dé oko, tàbí ẹ ń rìn lẹ́yìn wọn? Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ agbára, ṣé àyà yín a máa há, ṣé èémí yín a máa kúrú, ṣé ìrora a máa gba ọrùn, àgbọ̀n, apá tàbí ẹ̀yìn yín, tí yóò sì lọ bí ẹ bá jókòó? Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe "ṣé ó ti rẹ̀ yín?" ni a béèrè. Kò sí obìnrin àgbẹ̀ tí kò rẹ̀. Ohun tí a ń wá ni ìyàtọ̀: iṣẹ́ tí ó lè ṣe ní èṣí tí kò lè ṣe mọ́ láìsí ìdí tí ojú rí.

Èdè tí a fi béèrè ṣe pàtàkì tó ìbéèrè fúnra rẹ̀. Nàgó, Bààrìbá àti Fúlàní ni wọ́n ń gbé papọ̀ ní kọ́múnù Tchaourou, òṣìṣẹ́ ìlera tí ìjọba fi ránṣẹ́ síbẹ̀ lè máà gbọ́ ju Faransé àti èdè ìlú tirẹ̀ lọ. Obìnrin tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti há kì í wọlé kí ó sọ pé òun ní ìrora àyà bí ó ti wà nínú ìwé. Ó lè ní àyà òun ń wúwo, ó lè ní èémí òun kò dé ìsàlẹ̀, ó lè ní inú ń rìn òun bí òun bá ti gun òkè. Lóòótọ́, ìrora àyà ṣì ni àmì tí ó wọ́pọ̀ jù lọ fún obìnrin bí ó ti rí fún ọkùnrin. Ṣùgbọ́n obìnrin a máa kó àwọn àmì yòókù mọ́ ọn jù, a sì máa mẹ́nu kan wọn ṣáájú. Nítorí náà, a ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀ ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n fi wọ́n lé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé tí àwọn obìnrin mọ̀, tí wọ́n sì ń pè ní ọmọ tàbí àbúrò.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní àrùn yìí kì í ṣe tiwa, àrùn ọlọ́rọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí rẹ̀ nígbà kan: ní Ìbàdàn, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìkọlù ọkàn irú èyí ṣọ̀wọ́n lára àwọn aláìsàn wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ń bí àrùn náà ti wọlé tọ̀ wá. Ìwádìí STEPS tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè Benin ní 2008 rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára àgbàlagbà tí ó ju ẹnì kan nínú mẹ́rin lọ. Iyọ̀ àti kúbù tí à ń dà sínú ọbẹ̀ kò dín kù láti ìgbà náà. Kí a má sì tan ara wa jẹ pé ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ oko kò lè ní àrùn ọkàn. Iṣẹ́ ara ń ran ọkàn lọ́wọ́, òótọ́ ni. Kì í pa ẹ̀jẹ̀ ríru, kì í sì í pa àtọ̀gbẹ.

Àtakò kejì ni ó wúwo jù. Nọ́ọ̀sì lè wí pé: bí mo bá béèrè, tí ìyá náà sì ní agbára òun ti dín kù, kí ni mo fẹ́ ṣe fún un? N kò ní ẹ̀rọ. A gbà pé ìbéèrè náà kò lè dá àrùn mọ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ lè mú kí obìnrin máa sinmi lójú ọ̀nà omi. Ibà, èéfín ìdáná tí ó ti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, orúnkún tí ń dùn, tàbí ìbànújẹ́ ọkàn lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ni kò yẹ kí a tọ́jú? Ìbéèrè náà ṣí ilẹ̀kùn ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wíwo ìpéǹpéjú bóyá ẹ̀jẹ̀ tó lára, yíyẹ ṣúgà wò. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àtẹ tuntun jáde tí wọ́n fi ń wọn ewu àrùn ọkàn àti àrùn ẹ̀gbà fún ọdún mẹ́wàá tí ń bọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀, ti ọkùnrin lọ́tọ̀, ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà lọ́tọ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rárá: ọjọ́ orí, sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru, gíga àti ìwúwo ti tó. Nọ́ọ̀sì lè lò ó lórí tábìlì rẹ̀ ní Kika. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní láti dúró de ẹ̀rọ ìrìn kankan.

Ó tún ku ohun kan tí a kì í béèrè: oyún àtijọ́. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nígbà oyún, tí ẹsẹ̀ àti ojú rẹ̀ wú, tí wọ́n rí nǹkan funfun nínú ìtọ̀ rẹ̀, ewu àrùn iṣan ọkàn rẹ̀ ní ọjọ́ iwájú tó ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn. Agbẹ̀bí mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé oyún. Ọmọ a dàgbà, ìwé a sọnù, ọ̀rọ̀ a tán síbẹ̀. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, obìnrin kan náà a padà wá pẹ̀lú èémí kúkúrú, kò sì sí ẹni tí yóò so méjèèjì pọ̀. Kí agbẹ̀bí sọ fún un lẹ́nu, kí ó sì sọ fún baálé rẹ̀ pẹ̀lú, pé láti ọjọ́ náà lọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa di wíwọ̀n lọ́dọọdún títí ayé rẹ̀. A dárúkọ baálé nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilé, òun ni ó ń pinnu ọjọ́ tí owó ọkọ̀ yóò jáde.

Kò sì sí ẹni tí yóò wí pé irú iṣẹ́ báyìí kò ṣeé ṣe ní abúlé Benin. Ní Tanvè, ní ìpínlẹ̀ Zou, láti 2015 ni àwọn olùwádìí Benin àti ti Limoges ní Faransé ti ń tọ ipasẹ̀ ìlera ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbàlagbà, nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní TAHES. Àgbẹ̀ ni àwọn ará Tanvè gẹ́gẹ́ bí ti Kika. Wọ́n dáhùn ìbéèrè, wọ́n na apá fún wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Borgou ní Yunifásítì Parakou pẹ̀lú ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣègùn rẹ̀. Kí ni ó dè wá lọ́wọ́?

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí ètò orílẹ̀-èdè tí ń gbógun ti àwọn àrùn tí kì í ràn fi ìbéèrè agbára yìí sínú ìwé tí nọ́ọ̀sì ń kọ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ilé ìwòsàn Saint-Martin ti Papané, tí ó ń gba àwọn aláìsàn kọ́múnù Tchaourou, ní ECG tí ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo, kí ẹni tí ó lè kà á wà níbẹ̀ tàbí kí a lè fi í ránṣẹ́ sí Parakou lójú ẹsẹ̀. Obìnrin tí ìrora àyà mú nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, tí kò sì lọ, kì í ṣe ẹni ẹ̀rọ ìrìn. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí wọ́n gbé e lọ ní wákàtí náà gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tí àmì rẹ̀ ń wá tí ó sì ń lọ, tí ó sì lè rìn, kí Parakou gbà á sórí ẹ̀rọ ìrìn ní iye owó tí ìdílé àgbẹ̀ lè san, kí ètò ARCH sì gbé e fún ẹni tí kò ní. Kí ẹni tí yóò ka èsì náà kọ iye MET àti bí ìlù ọkàn ṣe rọlẹ̀ sí òkè ìwé, ṣáájú ọ̀rọ̀ ST, kí ó sì lo òṣùwọ̀n obìnrin.

Ohun ìkẹyìn kéré, ṣùgbọ́n òun ló ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Bí a bá fún ìyá kan ní ọjọ́ àyẹ̀wò ní Parakou, kí ọjọ́ náà má bọ́ sí ọjọ́ ọjà rẹ̀, kí ó má sì bọ́ sí àárín ìkórè òwú, nítorí kò ní lọ. Kí wọ́n kó àwọn obìnrin Kika, Alafiarou àti Tchatchou jọ sí ọjọ́ kan náà nínú oṣù, kí wọ́n lè dá owó ọkọ̀ pọ̀, kí ẹnì kan tí ó gbọ́ Faransé sì bá wọn lọ. Kọ́múnù lè ṣe èyí láìdúró de Cotonou, láti inú ètò ìnáwó ọdún tí ń bọ̀.